Ìbọn Tí Mo Ré Kọjá

Àìkú, 9 oṣù Keje, 2000

Selwyn, àbúrò mi ọkùnrin, wá jẹun lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó gbé ìbọn náà wá. Ó gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà iwájú bí ẹni gbé agbòòrùn sílẹ̀, ó sì jókòó ti abọ́ ìrẹsì. Bàbá kò wo ìbọn, kò wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá sọ, èmi ni ó sì sọ ọ́ fún: "Rovina, ẹ̀yìn ilé ni kí o máa gbà."

Mo gba ẹ̀yìn. Obìnrin kì í ré ẹsẹ̀ ọkùnrin kọjá, kì í ré ohun ìjà rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn Màmá wọn kò ka ìyẹn sí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n erékùṣù Malaita ni Bàbá ti wá, ilé ọmọ Malaita sì ni ilé yìí. Gbogbo omi tí mo pọn, gbogbo igi tí mo kó, ẹ̀yìn ni mo gbé e gbà títí Selwyn fi lọ.

Kò béèrè Màmá. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí Belo, àbúrò Màmá, wá mú un ní ìdájí gba etíkun lọ sí abúlé wọn, nítorí láti ìgbà tí àwọn Malaita àti àwọn Guale, onílẹ̀ erékùṣù tí a wà yìí, ti ń bá ara wọn jà, àdúgbò wa ní Honiara kò gba obìnrin Guale mọ́. Afárá kan ṣoṣo ló wà láàrin àwa àti Màmá. Nínú kòtò tí àwọn ọmọkùnrin Malaita gbẹ́ sí ẹsẹ̀ afárá yẹn ni Selwyn ń gbé, tí ó dojú ìbọn kọ ilẹ̀ ìyá tó bí i. Ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo fẹ́ kí ó jáde níbẹ̀ kí ẹnì kan tó pa á, tàbí kí òun tó pa ẹbí wa. Mo kọ ọ́ síbí nítorí n kò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Keje

Ìdì ẹ̀fọ́ kan ti di dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì sí. Ìrẹsì àti ẹja agolo. Lọ́la, ẹja agolo àti ìrẹsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Keje

Màmá Lauta wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa, ọmọ Malaita pọ́nńbélé. Ẹ̀rín rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó fi ìgbúnwọ́ lé orí káńtà mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n ti gé ahọ́n rẹ ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa. Lẹ́tà mélòó ló wà níbí tó yẹ kó ti kọjá afárá?"

"Igba ó lé mẹ́tàdínlógún."

Ó wò mí dáadáa. "O ti ka iye wọn?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń kà wọ́n."

Ó yí sí ọ̀gá mi. "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò kó wọn lọ?"

"Ha, Màmá, awakọ̀ wo ló máa wa ọkọ̀ gba ibẹ̀?"

"Ṣé mo bi yín ní ọkọ̀ ni? Ẹsẹ̀ ni mò ń bi yín."

Ọ̀gá họ orí. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, òun kò tíì rí òfin tó ní kó má ṣe é. Àwọn méjèèjì wá wo ojú mi. N kò sọ nǹkan kan.

"Mo ti gbọ́," ni Màmá Lauta wí. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Wọ bàtà tí kò ní yọ̀."

Àìkú, 16 oṣù Keje

A ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Àwọn obìnrin ìgboro yóò kó iyọ̀, ọṣẹ, ìrẹsì àti oògùn ibà. Àwọn obìnrin Guale yóò kó ẹ̀fọ́, kókò àti obì bítù tí a ń jẹ pẹ̀lú ẹfun wá láti òdìkejì. Àárín afárá ni a ó ti pàdé. Àwọn Sista méjì, àwọn obìnrin tó fi ayé wọn fún ìjọ tí wọn kò lọ́kọ, ló ti lọ bá wọn sọ ọ́, nítorí àwọn nìkan ni àwọn ọmọkùnrin ìhà méjèèjì ṣì ń jẹ́ kó kọjá. Wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó ń pọ́n ayùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹnikẹ́ni ń kàn mọ́. Ó ní, "Ṣé gbogbo ilé mi ni afárá kan ṣoṣo yẹn fẹ́ gbé mì ni?"  Lẹ́yìn oúnjẹ ó gbé agbòòrùn rẹ̀ wá fún mi. Ó ti tún igun rẹ̀ tó ya ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Keje

Obìnrin mẹ́tàlélógún. A fi orin ìjọ rìn dé ìdènà. Maefasia ni olórí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀. Òun ló kọ́ wa ní eré sísá nílé ẹ̀kọ́, fèrè tó fi ń dá wa dúró nígbà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ padà, ẹ̀yin ìyá. Ogun là ń jà níbí."

"A rí i," ni Màmá Lauta wí. "Ṣé ogun kì í jẹun ni? Láti ojú títì ni mo ti ń ka egungun ọrùn rẹ. Gba búrẹ́dì."

"Màmá Lauta, mo ní kí ẹ—"

"Èmi ni mo gbé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ. O tọ̀ sí mi lára. Mo ní gba búrẹ́dì."

Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó gba búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ó fi òfin lé e. Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàrin àwọn àgbá epo, pákó ni wọ́n tò sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa gba ibẹ̀, bí a bá sì ṣe tò lónìí ni kí a máa tò títí, kí òun lè mọ̀ bí àlejò bá wọ àárín wa. Màmá Lauta ni àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Nesta ni èkejì, èmi ni ẹ̀kẹta.

Selwyn wà létí pákó náà. Omi odò ni ó ń wò nígbà tí mo kọjá.

Mo fi lẹ́tà mọ́kànlélógójì lé àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́. Màmá kò wá. Ibà ni, wọ́n ní ó ti ń fúyẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Keje

A jẹ ẹ̀fọ́! Bàbá fi ìka nu abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Keje

Màmá wá. Ó rù díẹ̀. Ó di orí mi mú, ó gbóòórùn irun mi bí ó ti máa ń ṣe, ó ní ọṣẹ tí mo ń lò kò dára. Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹ̀yìn mi.

"Èwo ni Selwyn níbẹ̀ yẹn?"

"Aláṣọ búlúù."

Kò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ibi tí a dúró, ṣùgbọ́n obìnrin Guale kan kò lè kọjá àárín afárá. Ó dúró, ó ń wò ó. Selwyn yí ẹ̀yìn padà.

"Sọ fún un pé igi àgbọn rẹ̀ ti so," ni Màmá wí. "Èyí tí a gbìn lọ́jọ́ tí a bí i. Sọ fún un pé bí ó bá yìnbọn tààrà láti ibi tó dúró sí yẹn, igi yẹn ni yóò bà."

Ó fún mi ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fi omi àgbọn pò, tí wọ́n sè nínú ewé lórí òkúta gbígbóná. Mo gbé e ka iwájú Selwyn, mo jẹ́ ẹ níṣẹ́ Màmá.  Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti ojú títì, ewé nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Keje

Ìbọn ń dún lápá afárá láti àná. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan kú ní ìhà tiwa, méjì ní ìhà tiwọn. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà látàárọ̀, kò jẹun.

Ìrọ̀lẹ́: Sista wá sọ pé kì í ṣe Selwyn. Bàbá lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo dúpẹ́, nítorí ìyá kan wà tí wọ́n ti gbé tirẹ̀ fún.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹjọ

Kí n kọ ọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Òjò ń rọ̀. Maefasia ní kí a kọjá, ṣùgbọ́n kí a yára. Ọpọ́n ìrẹsì wà lórí mi, agbòòrùn wà lọ́wọ́ mi, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Màmá Lauta kọjá. Nesta kọjá. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbé e kalẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀.

Ìbọn wà ní ìdábùú pákó. Ẹsẹ̀ mi kan wà ní ìhà ìhín rẹ̀, èkejì wà ní ìhà ọ̀hún. Bí mo bá padà, mo tún ré e kọjá. Bí mo bá lọ, mo parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nesta ló fà mí lápá.

"Ọmọ ta nìyí?" Maefasia ti fò jáde nínú kòtò. "Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa kú síbí ni?"

Selwyn dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. "Ìbọn mi sì ni."

Láti ìgbà tí a ti ń kọjá níbẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi hàn pé ó mọ̀ mí.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbọn náà. Igi ni wọ́n fi tì í sínú koríko. Maefasia dájọ́: okùn owó ìkarahun pupa kan, ẹlẹ́dẹ̀ kan, kó tó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, yàtọ̀ sí àwọn Sista, obìnrin kankan kò ní gba ibẹ̀.

Èmi ni mo ti ọ̀nà mọ́ gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹjọ

Ìpàdé. N kò lè gbójú sókè. Obìnrin kan ní àwọn ọmọ ilé ìwé, ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ilẹ̀. Èkejì, Delsi, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Àbí bó ṣe rọrùn tó nìyí? Ẹ jẹ́ ká tò lẹ́sẹẹsẹ, ká ré gbogbo ìbọn ìlú yìí kọjá, ká padà sílé lọ sùn!"

Gbogbo ilé hó. Màmá Lauta nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó ṣèèṣì, ẹ̀bi ni, a ó san án," ó wí. "Èyí tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, èébú ni. Ṣé èébú tí a ti bú ara wa ní erékùṣù yìí kò tíì tó yín ni?"

 Ó wá kọjú sí mi. "Gbé orí sókè, Rovina. Ọrùn máa dùn ọ́."

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹjọ

Selwyn wálé lọ́wọ́ òfo! Bí a kò bá tíì san ohun tí wọ́n dá, kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, kò lè di ohun ìjà mú. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Àìkú, 6 oṣù Kẹjọ

Ó jí ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wákàtí mọ́kàndínlógún.

Bàbá fa àpótí abẹ́ ibùsùn jáde. Owó ìkarahun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbéyàwó Selwyn ni ó ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ó gbé e sókè nínú ìmọ́lẹ̀. "Wò ó, Selwyn," ó wí, "ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ná owó ìyàwó rẹ." Ó sì rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí a bá san án, ìbọn náà á mọ́. Bí ó bá mọ́, Selwyn á padà. Mo tẹ̀lé Bàbá lọ sí ẹ̀yìn ilé.

"Bàbá, bí a kò bá san án ńkọ́?"

Ó mọ ohun tí mò ń wí.  "Àwọn mélòó ló ń dúró dè yín ní òdìkejì?"

"Mọ́kàndínlógójì. Ọmọ ọwọ́ méje wà nínú ilé wọn tó ń fẹ́ oògùn."

"O ti dá ara rẹ lóhùn," ni Bàbá wí. Ojú rẹ̀ kò dán mọ́.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹjọ

Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ní ìgboro. Sista gbé lẹ́tà Màmá dé. Mo dà á kọ: "Rovina, kí bàbá rẹ má wá ẹlẹ́dẹ̀ kiri. Lọ́dọ̀ wa, ilé ìyá ló ni ọmọ, ilé ìyá ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Tiwa ni ọ́. Belo ń mú ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀ fúnra rẹ̀. Kí àwọn tó ni ìbọn mọ̀ pé kò ní mú ohun ìjà dání."

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ ò rí àwọn èèyàn yìí! Nínú ogun náà, wọ́n ṣì ń gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́." Ṣùgbọ́n ó ká lẹ́tà náà, ó fi sí àpò àyà.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹjọ

Oòrùn. Atẹ́gùn láti òkun. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé owó ìkarahun lé èjìká. Selwyn tẹ̀lé e. Èmi tẹ̀lé Selwyn.

Belo jáde ní òdìkejì pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ tó tóbi ju bí mo ti rò lọ. Òun ni ọkùnrin Guale àkọ́kọ́ tó tẹ afárá yẹn láti oṣù Karùn-ún.  Nígbà tí ó dé àárín, ẹlẹ́dẹ̀ jókòó. Belo fà á, kò dìde. Ó tì í, kò dìde.

"Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gbọ́n jù yín lọ," ni Màmá Lauta ké. "Ó mọ ibi tí wọ́n ní kí Guale dúró!"

Ẹ̀rín bú níhà méjèèjì. Wọ́n ní kí a gbé e lórí ọ̀pá. Wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi, Belo ti èjìká bọ ìkángun kan, ó sì dúró. Ìkángun kejì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wo Maefasia, Maefasia wo ẹlẹ́dẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira.

Selwyn ló lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Belo kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn sọ pé, "Rọra, ọmọ mi, èjìká mi kì í ṣe ti àtijọ́." Wọ́n jọ gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá wà ní àárín afárá pẹ̀lú àwọn ìyókù, ó fi aṣọ bo ẹnu.

Maefasia gba owó ìkarahun lọ́wọ́ Bàbá, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Belo. Wọ́n pín obì bítù, inú ìgò ẹfun kan náà ni gbogbo wọn ti bù. A se ẹlẹ́dẹ̀ náà lórí òkúta gbígbóná níbẹ̀. Títí aago mẹ́ta. Gbogbo wọn jẹ, ọ̀rá ń kán lẹ́nu wọn, wọ́n ń bú ara wọn bí àwọn tó jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn mìíràn nínú wọn sì jọ lọ ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni Maefasia fi ẹnu júwe inú koríko. "Selwyn. Ó ti mọ́ báyìí. Gbé e."

Mo wo Selwyn.

Selwyn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọ̀gá, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ Belo ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹni tó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ èèyàn ló tún máa yìnbọn sí i?"

Maefasia la ẹnu láti dáhùn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń dán.

"Ta ni kò jẹ nínú yín?" ó bi àwọn ọmọkùnrin. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹnì kan gùfẹ̀.

Ó di fèrè ọrùn rẹ̀ mú. "Lẹ́yìn òní," ó wí, "bí mo bá tún fẹ́ jẹun níbi ìdájọ́, ẹ fi fèrè yìí dí mi lẹ́nu."

Ìbọn náà ṣì wà nínú koríko nígbà tí a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹjọ

Selwyn sùn nílé. Ó ń hanrun. Kí ó máa hanrun lọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹjọ

A kọjá. Lẹ́tà mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ìbọn náà ti ń dípẹtà.

Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu. Ilẹ̀ ni Nesta máa ń wò bó bá ń rìn, ó máa ń rí owó wẹ́wẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ó kọjá níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, kò sì rí ìbọn.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹsàn-án

Ìdènà ìwọ̀ oòrùn, ibi tí n kò dé rí. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò mọ Màmá Lauta, kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni tìẹ níbí?" ó bi mí. "Ẹ̀gbọ́n? Àbúrò?"

"Kò sí."

"Kí lo wá wá, nígbà náà?"

Màmá Lauta fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé mo mú lẹ́tà méjìléláàádọ́ta dání, pé ọ̀kan nínú wọn ti pé oṣù mẹ́ta, àti pé ohun tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára." Ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde.

Ó jẹ́ kí a kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹwàá

Rédíò ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fọn fèrè ní èbúté. Bàbá ń pọ́n ayùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan ti gbé iṣẹ́ wá.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹwàá

Màmá wálé.

Wọ́n ti tú ìdènà afárá. Àwọn Sista ló wá kó ìbọn ibẹ̀. Èyí tó wà nínú koríko, wọ́n ní ìgbín ti wọ ẹnu rẹ̀.

Mo bi Selwyn nígbà tí a ń ṣa igi ìdáná. "Nígbà tí Nesta kọjá, ìbọn yẹn kò sí lórí pákó."

Ó di ìdì igi rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe ẹ̀kẹta, gbogbo ìgbà lẹ sì máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣáájú lórí pákó yẹn. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa ń ka nǹkan."

N kò ní sọ ọ́ fún Màmá Lauta. A kúkú ti san án.

Nígbà tí a dé, agbọ̀n kókò Màmá wà ní ẹnu ọ̀nà iwájú, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń pariwo nínú ilé pé ta ló ba ìkòkò òun jẹ́. Mo ti ń lọ sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú igi lórí kí n tó rántí. Mo yí padà, mo gba iwájú wọlé.